Ẹni Tí Yóò Dúró fún Malachi

Àtàlátà, 4 Fẹ́búárì 2025

Obìnrin kan pe fóònù ilé láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé ilé sójà Dáúdà Ṣótúndé nìyí. Mo ní ó ṣi nọ́ńbà. Mo ní Dáúdà Ṣótúndé ń gbé ibí lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀sì ló ń wà, kò ṣe sójà rí láyé ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni obìnrin náà ti ń sọ bọ̀. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sọ, Yorùbá àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ Òyìnbó níbí: "Ẹ jọ̀ọ́ Aunty, ẹ bá mi sọ fún wọn pé Kánsọ́lá lọ́yà ló pè. Ẹ ní ọ̀rọ̀ Jẹ́mánì ni."

Ọkọ mi, Bàbá Yusrah, jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wọ bàtà iṣẹ́. Mo jíṣẹ́ fún un. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní wọ́n ṣi nọ́ńbà."

"O ṣeun," ló wí. Ó wọ bàtà yòókù, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé. Iṣẹ́ búrẹ́dì ló sọ fún mi pé òun ṣe ní Jẹ́mánì.

Jímọ̀, 7 Fẹ́búárì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí a ti rí oòrùn kẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi tutù débi pé ọwọ́ mi ò fẹ́ di abẹ́rẹ́ mú.

Nígbà tí Bàbá Yusrah ti ìrun Jímọ̀ dé, mo gbé oúnjẹ fún un, mo jókòó tì í. Mo ní, "Bàbá Yusrah, kí ni ọ̀rọ̀ Jẹ́mánì?" Ó jẹun tán kó tó dáhùn. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí bó ṣe sọ ọ́, torí orí mi ò tíì gbà á.

Ó ní òun wọṣẹ́ ológun àwọn Òyìnbó níbí nígbà tí òun wà lọ́mọ ogún ọdún. Wọ́n kó wọn lọ sí bárékè kan ní Jẹ́mánì. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ wọn, dúdú méjì péré ló wà níbẹ̀: òun, àti Malachi Gbádégẹṣin, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Walworth níbí. Lóṣù kẹrin ọdún 1989, iná sọ ní sítọ́ọ̀ bárékè lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọkùnrin Òyìnbó kan tó sùn síbẹ̀ jóná lójú àti lápá, àmọ́ kò kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti mú Dáúdà àti Malachi. Kọ́ọ̀tù àwọn ológun fi wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún méjì, wọ́n sì lé wọn kúrò níṣẹ́ bí ẹni lé ajá.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ dáná náà?"

Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O ò rí i? Ohun tí mi ò fi sọ fún ọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ nìyẹn."

Ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Mo jókòó ti àwo òfìfo. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́ tàbí òun ló ṣẹ̀ mí.

Àìkú, 9 Fẹ́búárì

Mo pè é ní "ìwọ" lónìí, èmi tí mo ti ń pè é ní "ẹ̀yin" láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó dá mi lóhùn bí ẹni pé kò gbọ́ ìyàtọ̀. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Àbámẹ́ta, 15 Fẹ́búárì

Kánsọ́lá lọ́yà wá sílé. Lójú mi, kò lè dàgbà ju Yusrah ọmọ mi lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ó sì ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó sọ. Ó ní ọkùnrin Òyìnbó kan, Clive, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣíṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ iná yẹn, wá bá àwọn ní ọ́fíìsì lọ́dún tó kọjá. Òun ni ẹlẹ́rìí tó sọ ní kọ́ọ̀tù pé òun rí Dáúdà àti Malachi tí wọ́n ń sá kúrò ní sítọ́ọ̀. Ní báyìí ó ní òun ò rí wọn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí òun lẹ́nu ni. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn ẹjọ́ àtijọ́ wò ti dá ẹjọ́ náà padà sí kọ́ọ̀tù. Wọ́n máa gbọ́ ọ lóṣù karùn-ún.

Mo ní Alhamdulillah. Omi ti bọ́ lójú mi.

Bàbá Yusrah ní, "Mi ò lọ."

Kánsọ́lá rò pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. "Uncle?"

"Malachi ńkọ́?"

"Uncle, Uncle Malachi ti kú."

"Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo ní kí lẹ fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹ̀?"

Ọmọ náà ṣàlàyé. Ó ní òfin gbà kí ará ilé òkú dúró fún un ní kọ́ọ̀tù, àmọ́ Malachi ò fẹ́yàwó, kò bímọ. Àbúrò obìnrin kan ló ní, Evelyn. Àwọn ti kọ̀wé sí i, kò fèsì. Àwọn pè é, ó pa fóònù mọ́ àwọn létí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Yusrah wí. "Bí kò bá sẹ́ni tó máa dúró fún Malachi, èmi náà ò dúró. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n dá fún wa. Ẹ ò lè wẹ ọwọ́ ọ̀tún kí ẹ fi tòsì sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀."

Kánsọ́lá wo ojú mi, bí ẹni pé mo ní agbára kankan lórí ọkùnrin yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mi ò tiẹ̀ mọ iṣẹ́ tó ṣe rí.

Àlàmísì, 20 Fẹ́búárì

Yusrah pè láti Birmingham. Bàbá ẹ̀ ti sọ fún un fúnra ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó pè é.

"Mummy, so Daddy ń parọ́ fún wa, like, all my life?"

Mo ní kò parọ́, ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni.

"Kí ni difference ẹ̀?"

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wo ìrẹsì tó wà lórí iná. Kò sí ìrẹsì kankan lórí iná.

Iṣu ti di pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ní Rye Lane, kò sì tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ.

Àbámẹ́ta, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí a ṣínu tán, Bàbá Yusrah kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé mo bi í.

Ó ní inú ààwẹ̀ ni iná yẹn sọ. Lóṣù kẹrin, oòrùn Jẹ́mánì kì í tètè wọ̀. Kó tó wọ̀, wọ́n ti ti ilé oúnjẹ bárékè. Bí kì í bá ṣe ti Malachi, omi lásán ni òun ì bá máa fi ṣínu. Malachi a bu oúnjẹ tiẹ̀ pamọ́ sínú ike, a fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó. Àwọn méjèèjì a wá lọ jókòó lẹ́yìn ilé tí ẹ̀rọ omi gbóná wà, torí pé ibẹ̀ ló móoru. Ibẹ̀ ni wọ́n wà, tí wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún tó ti tutù, nígbà tí wọ́n gbọ́ igbe iná.

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ́ọ̀tù?"

"A sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń dájọ́ ní kí Malachi tún un sọ. Pé Kírísítẹ́nì ń tọ́jú oúnjẹ ààwẹ̀ fún Mùsùlùmí? Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Bàrákà ìyàwó mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń nu ojú. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ìtàn í pa bí àwa dúdú."

Mo ń wo àwo dàbínù tó wà níwájú wa. Mo bu omi sí i fún un, ife ẹ̀ sì ti kún tẹ́lẹ̀.

Àlàmísì, 6 Máàṣì

Ìyá Shiloh, oníbàárà mi, wá gba aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tó gbé fún mi láti tún ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ lẹ́bàá Old Kent Road. Mo kàn bi í bóyá ó mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Evelyn Gbádégẹṣin.

"Sister Evelyn ti Sydenham? Olórí àwọn ìyá ìjọ wa nìyẹn! Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

Mo ní ọkọ mi ló mọ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin.

Ìyá Shiloh ní, "Rárá o, ẹlòmíì ni. Sister Evelyn ò ní ẹ̀gbọ́n. Àwọn nìkan ni ìyá wọn bí."

Àlàrùbá, 12 Máàṣì

Mo gba àdírẹ́sì Sister Evelyn lọ́wọ́ Ìyá Shiloh, mo wọ bọ́ọ̀sì 197 lọ sí Sydenham. Mi ò sọ fún Bàbá Yusrah. Ó lè jẹ́ pé èmi náà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Sister Evelyn jù mí lọ díẹ̀, ó ga, ó mọ́ tónítóní. Ó rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ló gbé mi wá, ó sì ti gbé tíì síwájú mi kí n tó sọ pé ìyàwó Dáúdà ni mí. Ó rọra jókòó.

"Dáúdà yẹn ṣì wà láyé?"

"Ó wà, mà."

"Òun ló fi ẹ̀gbọ́n mi ṣòfò."

"Mà, àwọn méjèèjì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó jẹ́rìí mọ́ wọn gan-an ti jẹ́wọ́."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: iṣẹ́ ṣíṣọ́ Clive, oúnjẹ inú ike, ẹ̀yìn ilé omi gbóná, ẹ̀rín àwọn ọ̀gá. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín," ló wí. "Nígbà tí Malachi dé láti ẹ̀wọ̀n, ìyá mi ní kó má tẹ ilẹ̀ ilé òun, torí pé ó dáná sun ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni mo dúró ti ìyá mi. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ó wá síbí. Mi ò ṣílẹ̀kùn. Ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí ni mo gbà bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run ná. Bí ẹ bá wá sọ fún mi lónìí pé kò ṣe nǹkan kan, kí wá ni èmi ṣe?"

Ó rí tíì tí mi ò fọwọ́ kàn.

"Mo ń gbààwẹ̀, mà."

"Ẹ má bínú, mi ò rántí." Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá mọ́."

Mo rò pé mo máa bínú sí i nínú bọ́ọ̀sì. Mo wá a, mi ò rí ìbínú náà. Ihò lẹ́tà yẹn ni mò ń rò. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn, ṣé mo máa ṣílẹ̀kùn?

Àbámẹ́ta, 22 Máàṣì

Ó ku díẹ̀ kí a ṣínu nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin Òyìnbó kan ni, irun ẹ̀ ti funfun tán, ó di òdòdó mú bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ó ní Clive lorúkọ òun.

Bàbá Yusrah yọ lẹ́yìn mi. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ́ ló máa tẹ̀lé e. Ọkọ mi ní kó wọlé, ó ní oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀.

Kápẹ́ẹ̀tì ni Clive dojú kọ tó fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn méjì sá kọjá nínú òkùnkùn lóòótọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, aṣọ bò wọ́n lórí, òun ò rí ojú wọn, òun ò rí àwọ̀ wọn. Ọ̀gá kan pe òun sí yàrá. Ó bi òun pé ṣé dúdú ni wọ́n. Òun ní òun ò mọ̀. Ó ní ta ló tún lè hu irú ìwà yẹn ní bárékè bí kì í bá ṣe àwọn dúdú méjì yẹn? Òun ní òun ò mọ̀. Ó fún òun ní sìgá, ó ní kí òun ro ọjọ́ iwájú òun dáadáa. Nígbà tó bi òun lẹ́ẹ̀kẹta, òun ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá Yusrah bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni nígbà yẹn.

"Mọ́kàndínlógún."

"Ọmọdé ni ẹ́," ni ọkọ mi wí.

Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì nìyẹn tàbí ẹ̀sùn. Clive náà ò jọ ẹni tó mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìrun pè lórí fóònù, Bàbá Yusrah ti àwo dàbínù sí i, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́.

Láti ìgbà tó ti wọlé ni mo ti ń rò ó pé mo máa ju òdòdó yẹn síta. Ìgbà tí mo máa mọ̀, ẹran kejì ni mò ń fi sórí ìrẹsì ẹ̀. Kí ló ṣe mí?

Àtìní, 24 Máàṣì

Kánsọ́lá gbọ́. Ó pariwo lórí fóònù: "Aunty! Ẹ ò lè máa se oúnjẹ fún ẹlẹ́rìí kí kọ́ọ̀tù tó jókòó! Mo ní láti sọ fún àwọn lọ́yà òdì kejì báyìí!" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní mi ò mọ̀ pé oúnjẹ náà lófin.

Àìkú, 30 Máàṣì

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mọ́sálásí tiwa ní òní ni. Ti Roqeeb aládùúgbò wa ní ọ̀la ni. Wọ́n tún ti aago ìlú síwájú ní wákàtí kan lóru, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún níbí. Bàbá Yusrah pẹ́ dé ìrun yídì. Ó ní ní ìlú yìí èèyàn ò mọ aago tó lù, kò mọ ọjọ́ ọdún.

Yusrah wá sílé. Ó ní òun fẹ́ rí fọ́tò bàbá òun nínú aṣọ sójà. Bàbá ẹ̀ ní kò sí, ó ní gbogbo ẹ̀ ni òun ti dáná sun. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu òun fúnra ẹ̀, ni Yusrah náà bá bú sẹ́rìn-ín, ó sì dì mọ́ ọn. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ ká rẹ́rìn-ín.

Àtàlátà, 8 Épírì

Kánsọ́lá dé pẹ̀lú ìròyìn. Ìjọba ò ní bá wa jiyàn pé ẹ̀rí tí Clive kọ́kọ́ jẹ́ dára. Àmọ́ wọn ò gbà pé tìtorí àwọ̀ ni. Wọ́n ní àṣìṣe ni ìwádìí náà.

"Àṣìṣe," ni Bàbá Yusrah wí. "Èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ló wà ní bárékè yẹn. Wọ́n ṣèèṣì mú àwa dúdú méjèèjì?"

Kánsọ́lá ní ohun tí àwọn máa sọ ní kọ́ọ̀tù gan-an nìyẹn. Ó ní àmọ́ òpin oṣù yìí ni gbèdéke fún ẹni tó máa dúró fún Malachi. Ó bẹ ọkọ mi pé bí Evelyn ò bá wá, kó jẹ́ kí tiẹ̀ máa lọ.

Bàbá Yusrah ní òun ti sọ̀rọ̀ òun.

Mo bá a jà lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ. Mo ní òkú ò mọ ẹ̀gàn mọ́, alààyè ló ń ru ẹ̀gàn kiri. Mo ní èmi ńkọ́, Yusrah ńkọ́? Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi nígbà yẹn pé bí mo bá lè ní Malachi nìkan ló dáná, wọ́n máa jẹ́ kí n lọ. Wọ́n sọ fún òun náà pé kó ní èmi ni. Kò sọ ọ́."

Àmọ́ mi ò gbà fún un tán. Mo ṣì rò pé ó yẹ kó lọ. Mo tún rò pé bó bá lọ, mi ò ní lè wo ojú ẹ̀ bákan náà mọ́. Báwo ni èèyàn kan ṣe lè rò méjèèjì?

Àbámẹ́ta, 26 Épírì

Oòrùn mú gan-an lónìí, gbogbo Rye Lane ló jáde síta. Mò ń ṣe etí gèlè kan nígbà tí ẹnì kan ṣíji bo ẹnu ọ̀nà. Sister Evelyn ni. Ó gbé aṣọ aláwọ̀ búlúù tó dúdú díẹ̀ dání, kò tíì gé e.

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rán an," ló wí. "Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ wọn òun. Mo mú téèpù. Bí mo ṣe ń wọn èjìká ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọ sí mi.

"Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Walworth, ìyá mi máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Búrẹ́dì tí wọ́n bá fún Malachi nílé ìwé, kì í jẹ ẹ́. Abẹ́ súẹ́tà ló máa ń fi pamọ́ sí, á gbé e wálé fún mi. Ó máa ń gbóná mọ́ ara ẹ̀ ni. Èmi á máa jẹ ẹ́, òun á ní òun ti yó."

Mo ń wọn apá ẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ inú jákẹ́ẹ̀tì yẹn ni mi ò ti sùn dáadáa. Àwọn ọ̀gá yẹn rẹ́rìn-ín torí pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé mo wà níbẹ̀ tí mo gbọ́, ǹ bá ti mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó lè hùmọ̀ ìyẹn nípa Malachi. Àmọ́ mi ò bi í. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ṣẹlẹ̀."

Mo yí i padà láti wọn àyà ẹ̀, ni a bá kojú ara wa. Mo rántí ìbéèrè tí èmi bi ọkọ tèmi. Èmi bi í, ó dùn ún. Òun ò bi ẹ̀gbọ́n tiẹ̀, ó pa á. Èwo ló wá dáa?

Mo ní kó gbé apá sókè díẹ̀ sí i.

Ó fọwọ́ sí gbogbo ìwé tí Kánsọ́lá fi ránṣẹ́ kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Yusrah nílé, ó lọ sí bálùwẹ̀, ó ṣí omi, kò sì tètè jáde.

Àtìní, 12 Méè

Sister Evelyn wá dán aṣọ wò. Ó ti rù. Mo ní láti rán ìbàdí aṣọ náà wọlé lẹ́ẹ̀kejì.

Láti ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Yusrah ò fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń jẹun, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Lánàá ó bi mí pé bí wọ́n bá ní ẹ̀bi náà dúró ńkọ́? Mo ní insha Allah kò ní dúró. Ó ní, "Tí wọ́n bá ní kò dúró ńkọ́?" Ohùn kan náà ló fi bi méjèèjì.

Àtàlátà, 20 Méè

A ti dé. Ẹsẹ̀ mi ń ro mí, àmọ́ bí mi ò bá kọ ọ́ nísinsìnyí, ó lè dà rú mọ́ mi lójú.

A wọ tréènì ní Peckham Rye, èmi, Bàbá Yusrah, Yusrah, àti Sister Evelyn nínú aṣọ búlúù. Nínú kọ́ọ̀tù, adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Akọ̀wé pe Dáúdà Ṣótúndé, ọkọ mi dìde. Ó pe Malachi Gbádégẹṣin. Sister Evelyn dìde. Ó ní, "Èmi ni mo dúró fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Kò sẹ́ni tó ní kó sọ̀rọ̀, àmọ́ adájọ́ àárín dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Clive jẹ́rìí. Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì wa. Lọ́yà ìjọba bi í pé kí ló dé tó fi di ìsinsìnyí. Ó ní lọ́jọ́ kan, ó ti pẹ́, òun pàdé Malachi ní ọjà East Street. Malachi dá òun mọ̀. Òun rò pé ó máa gbá òun mú. Ó kí òun ni, ó sì béèrè àlàáfíà ìyá òun, torí pé òun máa ń sọ̀rọ̀ ìyá òun ṣáá ní bárékè. Òun sá lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń sá, ẹsẹ̀ ti wá ń dun òun.

Mo gbọ́ tí Sister Evelyn mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lọ́sàn-án, àwọn adájọ́ padà wọlé, èyí tó wà láàárín ka ìdájọ́. Ó ní ẹ̀bi tí wọ́n dá fún àwọn ọkùnrin méjèèjì ò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn fagi lé e. Ó ní bí kì í bá ṣe pé dúdú ni wọ́n, kò sẹ́ni tó máa bi ẹlẹ́rìí ní irú ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní ẹ̀rín tí wọ́n fi gba àlàyé wọn kò yẹ ilé ẹjọ́ kankan. Wọ́n dìde, àwa náà dìde, ó ti parí. Yusrah ń sunkún. Kánsọ́lá náà ń sunkún.

Bàbá Yusrah fà á lápá. "Ṣé wọ́n ní mi ò ṣe é?"

"Uncle, wọ́n ti fagi lé e. Ó ti parí."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Mo ní ṣé wọ́n sọ pé mi ò ṣe é?"

"Bí òfin ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, Uncle."

Ó mi orí bí awakọ̀ ṣe máa ń mi orí fún èrò tó béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì ẹ̀ ò dé.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin kan dúró síbi àtẹ̀gùn. Awọ ojú ẹ̀ hun jọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìka ọwọ́ ẹ̀ ò sì nà tán. A ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó jẹ́ fún wa. Ó sún mọ́ ọkọ mi. Yusrah fẹ́ bọ́ sáàárín wọn, mo dì í mú.

Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá wo dígí, ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń bú. Ta wá ni?"

Bàbá Yusrah ní, "Mi ò mọ̀. Èmi náà ti ń bi ara mi láti ọjọ́ yẹn."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà na ọwọ́ tí iná jó yẹn, ọkọ mi gbà á, kò fún un jù. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń di irin ẹ̀gbẹ́ mú lọ.

A borí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rí i: a borí. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ni mò ń rò, pé a gba ohun kan lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí tí a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò ẹ̀?

Àbámẹ́ta, 24 Méè

Sister Evelyn wá kí wa. Ó gbé ọsàn wá. Ó jókòó sórí àga tó dojú kọ Bàbá Yusrah, ó fún ọwọ́ ara ẹ̀ mọ́ra, mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà.

"Bùọ̀dá Dáúdà," ló wí, "mi ò mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọdé ni mí nígbà tó lọ ṣe sójà, nígbà tó dé, mi ò ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n lágbà. Ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni? Ṣé ó máa ń kọrin? Kí ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín?"

Bàbá Yusrah mú ọsàn kan, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ó máa ń kọrin," ló wí. "Kò mọ̀ ọ́n kọ."

Sister Evelyn bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Ni ọkọ mi bá tẹ̀ síwájú. Ó ní Malachi ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ sójà tí etí ẹ̀ fi máa ń mú bí ọ̀bẹ. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí yìnyín tó ga tó orúnkún, òun kọ̀ láti jáde, Malachi ló gbé òun sẹ́yìn bí ọmọ. Ó ní àwọn jọ sá eré ìje níwájú gbogbo bárékè, òun gbé ipò kìíní, Malachi gbé ipò ìkẹyìn, àmọ́ Malachi ló pariwo ayọ̀ jù. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, ó dìde lẹ́ẹ̀kan láti fi bí Malachi ṣe ń rìn hàn wá. Mi ò rí i kó rìn bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo di ọ̀bẹ ọsàn mú. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ti darí jì í. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kankan tiẹ̀ wà láti darí jì. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo fa àga kan wá sáàárín wọn, mo jókòó.

Mo ní, "Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ ibẹ̀."